Ohùn Tó Há Sínú Ìbọn Ọdẹ́yalé

Ẹ fà sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó tètè wú u tán, nítorí nígbà tí mo bá dé ibi tí ẹ̀rù wà nínú ìtàn yìí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikọ́ bo ohùn mi. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ìsàlẹ̀-Arère, èmi tí mo pa ẹfọ̀n lẹ́bàá odò tí ẹfọ̀n kejì dúró, tí ó wò mí, tí ó kí mi kú iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi ẹfọ̀n náà, ó ṣì wà nínú igbó. Mo ti rìn nínú igbó tí ewé ibẹ̀ ń pe ènìyàn ní orúkọ ìyá rẹ̀, mo sì ti fi ohun tí mo pè ní gbòǹgbò igi ṣe ìrọ̀rí kí n tó gbọ́ pé ó ń mí. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn tí mo rìn nítorí ìbọn ọ̀gá mi, Bàbá Ọdẹ́yalé, ìbọn tí ó ya odi lọ́jọ́ tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ jù lọ láyé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra ọta nínú páálí, tí ẹ ń tì í bọ ìdí ìbọn bí ẹni ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ẹ kò mọ ìyà tí ṣakabùlà fi jẹ wá. Ẹnu ni ṣakabùlà fi ń jẹun. A ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó fi ìhá ẹyìn dí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́ ìsàlẹ̀, a ó da ọta sí i, a ó tún fi ìhá dí i, a ó tún gún un. Lẹ́yìn náà ni a ó bu ẹ̀tù bíńtín sí etí rẹ̀ lóde, níbi tí ihò kékeré wà, kí akọ òkúta tó wà lórí rẹ̀ lè ṣá iná sí i, kí iná sì gba ihò náà wọlé lọ bá ẹ̀tù inú. Kí ẹ tó parí gbogbo rẹ̀, àgbọ̀nrín tí ẹ fẹ́ pa ti délé, ó ti ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ a pa ẹran. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Bàbá Ọdẹ́yalé ni ó kọ́ èmi àti púpọ̀ nínú àwọn ọdẹ ìlú wa níṣẹ́. Ó ga, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bí o bá bi í pé ṣé òjò máa rọ̀, yóò kàn ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Adígún, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ó ti láya nílé, tí ó mọ ọdẹ ṣe, ṣùgbọ́n tí gbogbo ìlú ń fi wé bàbá rẹ̀ títí kò fi mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Láàárín òjò, àìsàn ká bàbá mọ́ oko. Wọ́n gbé e wálé, ẹnìkan gbé ìbọn rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n fi ìbọn kọ́ ara ògiri, ọ̀gá mi sì sùn, kò jí mọ́. Mo sunkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín gbangba. Èmi apẹfọ̀n jókòó sí ìdí ẹ̀gẹ́, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Nílùú wa, bí àgbà ọdẹ bá kú, a kì í sọ pé ó ti lọ títí ìbọn tirẹ̀ gan-an yóò fi dún láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo ọdẹ. Ìbọn yẹn ni ó ń sọ fún igbó pé olúwa òun ti relé, ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ máa retí. Títí yóò fi dún, opó kò gbọdọ̀ bọ́ síta, ọmọ kò sì gbọdọ̀ wọ igbó ọdẹ. Gbogbo ẹni tí olóògbé kọ́ níṣẹ́ ni yóò mú ẹ̀tù wá láti ilé, tí yóò bù ú sí ẹnu ìbọn náà, kí ìbọn lè fi ohùn gbogbo wa dágbére. Ọ̀pá ìbọn ńkọ́? Orí ibojì ni a máa ń fi ọ̀pá lé. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tì í bọ ẹnu ìbọn òkú. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe é, ọ̀fun olóògbé ni ó ti ọwọ́ bọ̀. Ìdí ìbọn ni a kàn máa ń gbún mọ́lẹ̀ kí ẹ̀tù lè sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a péjọ níwájú ilé ọ̀gá mi fún ètò náà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun. Ẹni tí ó yẹ kí ó fi ìka méjì bu ẹ̀tù, ó fi ọwọ́ bù ú. Èmi náà bu tèmi, mo sì bù ú kí ojú ríran. Adígún gbé ìbọn lé èjìká, ó fà á. Akọ òkúta ṣá, iná bú ní etí ìbọn, èéfín bíńtín fò lọ, ìbọn sì dákẹ́. Ó tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúwo ju òkú lọ. Olúọdẹ, àgbà tí ó jẹ́ olórí gbogbo wa, gbọn orí.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ọdẹ́yalé kọ ọmọ rẹ̀."

Wọ́n dá ìtàdógún fún un. Wọ́n ní bí ìtàdógún bá pé, kálukú yóò tún bu ẹ̀tù sí i, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ògúnná gidi ni Adígún yóò sì fi sí i létí dípò iná akọ òkúta. Bí kò bá dún nígbà náà, a ó sin ìbọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, kí Adígún lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Adígún fi ìbọn lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì rìn wọlé lọ bí ẹni tí wọ́n gbá létí lọ́jà.

Mo tẹ̀lé e wọlé láti tù ú nínú. Mo bá a níbi tí ó ti ń di ẹrù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ìlú tí bàbá ẹni ti kọ ẹni lójú gbogbo ayé, ta ni ó ń gbé ibẹ̀?" Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni ìyá rẹ̀ pè mí láti inú yàrá opó, láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọdẹ́jìnmí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa."

"Mo bá ọkọ mi gbé títí irun mi fi funfun. Kò kọ ọmọ rẹ̀. Ẹ kàn ń purọ́ mọ́ ọn nítorí pé kò lè dáhùn mọ́ ni. Ìwọ tí o máa ń sọ pé kò sí igbó tí o kò mọ̀, lọ bá mi wá ohùn ìbọn yẹn níbikíbi tí ó sá lọ."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu ẹni ni í kó bá ẹni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbéraga tí mo ti ń sọ láti kékeré, obìnrin yìí kó o jọ, ó sì fi dè mí. Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Mo mú ìbọn tèmi, mo mú kèrègbè omi, mo sì kọrí sí Igbó Elééfín.

Àwọn àgbà sọ fún wa pé èéfín ìbọn kì í ṣègbé. Gbogbo èéfín tí ìbọn ti tú láyé, ibẹ̀ ni ó ń lọ, gbogbo ohùn tí ìbọn sì ti dún, ibẹ̀ ni ó ń lọ sùn. N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara; ẹni tí ó bá ti rin igbó mọ̀ pé ẹ̀gún ni, òùngbẹ ni, àti eṣinṣin tí kò mọ àgbà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò rí ewé tí ó tutù. Eérú ni àwọ̀ gbogbo igi, òórùn ẹ̀tù jíjó kún imú mi, akèǹgbè sì so lára gbogbo ẹ̀ka, a fi èdìdì dí wọn lẹ́nu. Mo ní kí n fọwọ́ kan ọ̀kan báyìí ni mo bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ogun wà nínú ìyẹn."

Mo yíjú padà. Ẹ̀dá kan dúró níbẹ̀, kúkúrú, etí rẹ̀ méjèèjì tóbi bí ewé kókò, wọ́n sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń jẹ afẹ́fẹ́. Elétí-Kókò ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ gbogbo ohùn ibẹ̀. Mo fa ara mi ró. Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, apẹfọ̀n, a-kì-í-yà-fún-ìkookò, èmi tí..."

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ ni o yìnbọn fún àgbọ̀nrín lọ́dún tó kọjá tí o bá kùkùté. Ohùn rẹ̀ nìyẹn nínú akèǹgbè olórí ṣóńṣó. Ṣé kí n ṣí i?"

Mo ní kò pọn dandan. Mo wá sọ ohun tí ó gbé mi wá. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ohùn kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo ní kí ó gba orin kan. Ó ní òun ti gbọ́ orin mi rí, kí n máa gbé e lọ. Mo ní kí ó gba ẹ̀rín mi. Ó wò mí pẹ́ títí, ó ní, "Rárá. Ìwọ yóò nílò ẹ̀rín. Fún mi ní híhanrun rẹ." Mo rò ó wò, mo rí i pé n kò mọ ohun tí mo fi ń ṣe, mo bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí imú mi, ó fa nǹkan kan yọ, ó dà á sínú akèǹgbè, akèǹgbè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ẹ bi ìyàwó mi. Láti ọjọ́ náà n kì í hanrun mọ́. Òun gan-an ni ó kọ́kọ́ figbe ta nígbà tí mo padà délé, ó ní òun rò pé mo ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Elétí-Kókò mú mi rìn láàárín àwọn akèǹgbè. Ó fi èyí hàn mí, ó ní, "Ìbọn Ọdẹ́yalé ni èyí, lọ́jọ́ tí ó pa erin." Ó fi òmíràn hàn mí, ó ní, "Òun náà ni èyí, lọ́jọ́ tí wọ́n bí Adígún." Mo gbé etí lé e, mo gbọ́ ìbọn tí ó dún kékeré nínú rẹ̀, mo tún gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá mi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín tí n kò mọ̀ pé ó ní. Omi bọ́ lójú mi.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí tí o ń wá kò sí níbí. Ohùn tí kò jáde kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Wọlé lọ bá àwọn àgbà ìbọn, kí o bi wọ́n níbi tí ohùn máa ń há sí."

Àwọn àgbà ìbọn ń gbé abẹ́ àpáta ńlá kan, bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bàbá Olókùn-Iná ni àgbà wọn. Irin ni ọrùn rẹ̀, ó gùn, ó sì nípọn. Ó ró okùn kan mọ́ ìbàdí, iná sì ń jó okùn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìkú. Nígbàkigbà tí ìkùukùu bá kọjá, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo okùn náà. Ọmọ rẹ̀ ni Eléyín-Òkúta, tí iná ń ṣẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ ni Onífìlà-Bàbà, ọ̀dọ́ tí ó dé fìlà bàbà pínníṣín kan sórí, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Wọ́n gbà mí ní àlejò, wọ́n gbé àwo oúnjẹ síwájú mi. Òkúta odò wà nínú rẹ̀, èérún irin wà níbẹ̀, èkùrọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní mo ń gbààwẹ̀.

Bàbá Olókùn-Iná ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Oúnjẹ tí a jẹ dàgbà nìyẹn. Láyé tèmi, ohun tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n ń fún wa jẹ, kí àwọn alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin wẹ́wẹ́, kí wọ́n tó máa yọ́ òjé tí wọ́n ń dà á roboto. Láyé tèmi, ọwọ́ mẹ́ta ni ènìyàn nílò láti yìn mí. Ọ̀kan yóò gbé mi, ọ̀kan yóò ti okùn iná bọ̀ mí létí, ọ̀kan yóò bo ojú olúwa rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ń wo ibi tí mo ń lọ. Kí wọ́n tó tún mi kì, ọ̀tá ti sá, ó ti ronú, ó ti padà wá. Bí òjò bá sì ṣú, ogun parí."

Onífìlà-Bàbà ní, "Bàbá bàbá mi ń sá fún òjò bí ewúrẹ́."

Eléyín-Òkúta ní, "Fi ẹnu rẹ mọ́ ibẹ̀. Èmi ni mo gba okùn iná lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi ni mo dé ilẹ̀ àwọn èèyàn yìí tí wọ́n sọ mí ní ṣakabùlà, tí wọ́n fi mí jagun, tí wọ́n fi mí ṣọdẹ, tí wọ́n sì fi mí sin òkú."

Onífìlà-Bàbà rọra fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń sá fún òjò."

Eléyín-Òkúta ní, "Mo ń sá díẹ̀."

Nígbà tí ìjà ilé parí, mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ ìbọn ọ̀gá mi fún wọn. Bàbá Olókùn-Iná gbọ́ ọ tán, ó sì ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, mo rí ohùn. Bí n kò bá túmọ̀ rẹ̀, kí n jẹ àwo òkúta náà tán kí n tó máa lọ. Ó ní, "Bàbá kan ti jẹun yó, ó sì sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àkọ́bí wá, ó bu òkèlè sí i lẹ́nu. Èkejì wá, ó bu òkèlè ńlá. Gbogbo wọn bù ú, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè pé, Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun? Kí ni bàbá náà yóò ṣe?"

Mo ní, "Yóò jí, yóò sì súre fún wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èéfín fi ń yọ ní ẹnu wọn. Mo ní, "Yóò gbé e mì." Eléyín-Òkúta ní, "Bí ó bá gbé e mì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ikùn rẹ̀?" Mo ṣe bí ẹni ń ronú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òkúta inú àwo ni mo ń wò, mo ń wá èyí tí ó kéré jù.

Àfi bí gbogbo igbó ṣe dákẹ́ lójijì. Ẹ̀yin ará, ibi tí mo ní kí ẹ má wúkọ́ nìyí. Akóhùnjẹ ni ó ń bọ̀, ẹranko tí àwọn ará ibẹ̀ ń bẹ̀rù ju òjò lọ. Kò ní ẹnu lójú. Àyà rẹ̀ ni ẹnu wà, ó fẹ̀, ó sì ṣókùnkùn, gbogbo ohùn tí ó bá wà nítòsí ni ó ń fà sínú. Ó ń já akèǹgbè lórí igi, ó ń jẹ wọ́n. Mo la ẹnu láti kígbe, igbe náà jáde lọ́fun mi, ó yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹranko náà sì gbé e mì. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń mi ètè, n kò gbọ́ ara mi. Mo mú ìbọn mi, mo kì í. Mo gbójú sókè, ó ti sún mọ́ mi. Mo gbójú sílẹ̀, mo tún kì í, nítorí ẹ̀rù ti gba ìrántí lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ pé mo ti kì í tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e lé èjìká báyìí, Bàbá Olókùn-Iná di ọwọ́ mi mú. Ó mú ọ̀pá ìbọn mi, ó jù ú sí ẹnu ìbọn. Ọ̀pá tí ó yẹ kí ó rì wọlé kí ó ku ìwọ̀n ọwọ́ kan péré lókè, ó dúró gẹlẹtẹ, ó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ lókè. Kò sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀pá, ó tọ́ka sí ìbọn, ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni pé orí mi ń tú ká sí ọ̀nà méjì.

Kí ni ó wá gbà wá sílẹ̀? Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Elétí-Kókò sáré dé, ó gbé akèǹgbè tí ó ń gbọ̀n lọ́wọ́, ó fa èdìdì rẹ̀ yọ, ó sì jù ú sí Akóhùnjẹ láyà. Híhanrun mi, odindi, híhanrun tí ó ti ń lé adìẹ aládùúgbò kúrò lórí ìtẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, gbogbo rẹ̀ wọ ikùn ẹranko náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró. Ó yán. Ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun pẹ̀lú ohùn mi. Ó ṣì ń hanrun níbẹ̀ títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ń wo ọ̀pá tí ó yọ lẹ́nu ìbọn mi. Ibẹ̀ ni orí mi là. Ohùn mi kò ju ti eṣinṣin lọ nígbà tí mo sọ̀rọ̀, nítorí ẹranko náà ti gbé ìyókù mì, ó sì pẹ́ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Mo ní, "Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá tí ó bá gbọ́n yóò pa ẹnu dé." Nítorí mo rántí pé oko ni àìsàn ká ọ̀gá mi mọ́. Ọdẹ tí ó bá ń bọ̀ láti oko máa ń yìnbọn rẹ̀ sófìfo kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, orí ẹ̀yìn ènìyàn ni ó gbà wọlé. Ta ni ó ráyè bèèrè ohun tí ó wà nínú ìbọn? Ìbọn ti jẹun yó lórí ògiri, gbogbo wa sì wá fi ìfẹ́ bu ẹ̀tù lé e lórí.

Bàbá Olókùn-Iná ní, "Ohun tí ó dí iná akọ òkúta lọ́nà lè má dí ògúnná." Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti dìde. Ìtàdógún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Adígún ni yóò fi èjìká rẹ̀ gbé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò fi tì í.

Mo sáré. Èmi tí ẹ rí yìí, mo sáré títí ẹ̀gún fi ń yà lọ́nà fún mi. Nígbà tí mo yọ sí ìta ilé ọ̀gá mi, níbi tí àwọn ọdẹ péjọ sí, oòrùn ti kọjá àtàrí. Wọ́n ti tún bu ẹ̀tù sí i. Adígún gbé ìbọn ró, ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, ògúnná pupa sì wà lẹ́nu ẹ̀mú náà. Mo kígbe. Kò sí ohùn. Mo tún kígbe, atẹ́gùn lásán ni ó jáde. Nígbà tí ògúnná kù díẹ̀ kí ó kan etí ìbọn, mo fi gbogbo ara mi lu Adígún, àwa méjèèjì ṣubú, mo sì da gbogbo omi kèrègbè mi lé ògúnná náà lórí. Ó dún ṣàá, ó kú.

Olúọdẹ ní, "Ọdẹ́jìnmí, ṣé orí rẹ pé báyìí? O ba ètò òkú jẹ́?"

Mo rá pálá, mo fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ sọ fún un pé ìbọn ti yó, pé kí wọ́n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kí wọ́n rí i. Gbogbo ọdẹ pariwo èèwọ̀. Àwọn kan ní igbó ti yí mi lórí, àwọn kan ní kí wọ́n lé mi jáde. Láàárín ariwo yẹn ni Ìyá Adígún sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ọ̀fun ọkọ mi ni ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ̀, àbí? Èmi ni mo ń fún un lóògùn títí ó fi lọ, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà, kò bínú sí mi. Mo fún ọmọ rẹ̀ láṣẹ. Adígún, mú ọ̀pá bàbá rẹ, kí o tì í bọ̀ ọ́."

Adígún wo Olúọdẹ. Olúọdẹ wo ilẹ̀. Adígún lọ sí orí ibojì, ó mú ọ̀pá, ó sì jẹ́ kí ó bọ́ sí ẹnu ìbọn. Kò tíì rìn jìnnà tí ó fi kan nǹkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀pá náà tí ó dúró lókè. Kò sí ọdẹ tí ìyẹn kò yé. Láìsí ẹni tí ó pàṣẹ, gbogbo ẹsẹ̀ sún sẹ́yìn.

A da omi sí ìbọn lẹ́nu kí ẹ̀tù inú rẹ̀ lè kú. Alágbẹ̀dẹ mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ lọ́ wá, a sì ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ sórí ewé: ẹ̀tù tèmi, ẹ̀tù Olúọdẹ, ẹ̀tù gbogbo wa, òkìtì dúdú tí ó tó láti fọ́ àpáta. Lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, a bá ìhá tí ọ̀gá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí, ọta irin mẹ́rin, àti ẹ̀tù tirẹ̀. Adígún wá mú abẹ́rẹ́, ó tì í bọ ihò etí ìbọn. Nǹkan dúdú kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rọ̀. Ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ìda ni. Ìda oyin." Gbogbo wa mọ̀ pé nígbà òjò, Bàbá Ọdẹ́yalé máa ń fi ìda dí ihò náà kí omi má bàa bá ẹ̀tù. Iná akọ òkúta ń kú lóde rẹ̀, kò lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí ògúnná bá jókòó lé e, ìda á yọ́.

Olúọdẹ wo òkìtì ẹ̀tù, ó wo ògúnná tí ó ti kú, ó wá wo ojú Adígún. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Àwa ni ìbá pa ọ́, ọmọ yìí. Gbogbo wa pátá."

Ìyá Adígún ní, "Mo sọ fún yín. Kò kọ ọmọ rẹ̀. Ikú ọmọ rẹ̀ ni ó kọ̀."

A nu ìbọn, a sá a sí oòrùn títí inú rẹ̀ fi gbẹ. Adígún bu ẹ̀tù ìwọ̀n ìbọn kan, ó fi ọ̀pá gún un fúnra rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì fà á. Ó dún. Ó dún lọ sórí òkè, òkè sì dá a padà, ẹyẹ gbogbo igbó gbéra lẹ́ẹ̀kan. Adígún fi ìbọn lélẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò tíì sunkún kí ojú rí i. A jẹ́ kí ó sun ún tó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Olúọdẹ mú èèwọ̀ yẹn kúrò, pé láti òní lọ, ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ wọ ìbọn òkú ní Ìsàlẹ̀-Arère kí ẹnikẹ́ni tó bu ẹ̀tù sí i, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe é títí di òní.

Nígbà tí ó yá, aṣọ ẹnu ọ̀nà ká sókè, Ìyá Adígún bọ́ síta. Ó fi ọwọ́ bo ojú, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti rí oòrùn. Ó yí wa wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́ bí ohùn ìbọn ṣe ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn òkè. Ó ní, "Ó ti lọ wàyí. Ẹ jókòó, kí n lọ wá nǹkan tí ẹ ó jẹ." A sì jókòó.